Orin dùn, ìjọ jó, kí la wá kọ? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AdaríTuntun

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin akọrin àti ẹ̀yin tí ẹ ń darí orin. Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n fà mí kalẹ̀ láti máa darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún un, mi ò sì rí ibi sá gbà.

Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé mi wá síbí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a kọ orin ìyìn ṣáájú ìwàásù. Gbogbo ìjọ dìde, àǹkáṣíìfù ń fẹ́ lókè, kódà àwọn bàbá tó máa ń fara ti ọ̀pá wọn ń mi èjìká. Lẹ́yìn ìsìn ni ìyá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orin tí ẹ kọ kẹ́yìn yẹn mà dùn o. Kí ló ń sọ?" Mo lanu, kò sí ohun tó jáde. Nígbà tí mo délé, mo tẹ́tí sí èyí tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ lórí fóònù: ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, gbólóhùn méjì péré. Èmi tí mo darí rẹ̀ ò sì gbọ́ gbólóhùn kejì yékéyéké.

Ìkejì tì mí lójú ju ìyẹn lọ. Mo yá ohùn orin kan tí mo fẹ́ràn, mo fi ọ̀rọ̀ tèmi sí i: "Ogún wa ń bẹ lọ́dọ̀ Rẹ̀." Bí a ṣe gbé e báyìí, àwọn ọmọdé tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni "Ogun wá"! Mo ń sọ fún ìjọ pé a ní ogún, àwọn ń gbọ́ pé ogun ti dé.

Ní báyìí, àwọn àgbà ní ká padà sínú ìwé orin. Àwọn ọ̀dọ́ ní bí a bá padà síbẹ̀, àwọn á wá ibi tí wọ́n ti ń lu ìlù gidi lọ. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é níbi tiyín? Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ àdúrà ni mo gbé wá o, ìmọ̀ràn tí mo lè lò lọ́jọ́ ìdánrawò ni mo ń wá.

Tẹ́nọ̀Àgbà

Àbúrò mi, kú iṣẹ́. Má tíì bọ́ sáàárín àgbà àti ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn lè má ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ.

Ìdánwò kan wà tí mo ti ń lò láti ọdún pípẹ́. Wá ẹnìkan tí kò mọ orin náà rí, ọmọ iléèwé tó mọ Yorùbá kọ dáadáa ló dára jù. Fi ìwé àti bírò lé e lọ́wọ́, ní kó lọ jókòó sí ìjókòó ìkẹyìn pátápátá nígbà ìdánrawò. Kí ẹ kọrin bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi gan-an, pẹ̀lú gbogbo ohun èlò. Ohun tó bá gbọ́ ni kó kọ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, ọmọ náà gbé ìwé fún wa, "Jésù" àti "ò" ló wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àwọn tó máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ jù, bí mo ṣe rí i: àwo irin tó wà lára dúrọ́ọ̀mù (ó máa ń jẹ kọ́ńsónáǹtì, títí kan ṣ àti s àti f), kíbọ́ọ̀dù tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, àti àwọn agbèrin mẹ́fà tí oníkálukú wọn di maikì mú. Yọ maikì mẹ́rin nínú mẹ́fà yẹn. Kí onílù dúrọ́ọ̀mù fi àwo irin sílẹ̀ nígbà tí a bá ń lé orin, kó padà sí i nígbà ègbè. O ò náwó kankan, wàá sì rí ìyàtọ̀.

Ohun tí mo sì rí ni pé kí ọ̀rọ̀ lè ṣáájú, ohun èlò ní láti máa yẹra. Àwọn onílù wa àtijọ́ mọ èyí. Bí apohùn bá ti lanu, ìlù á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ.

OnígánganÌjọ

Ẹ kú ìjókòó o. Ìlù ni iṣẹ́ mi, nítorí náà "Ogun wá" ni mo fẹ́ mú, torí òun ló dùn mí jù.

AdaríTuntun, ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Gbogbo wa la kọ́ ọ níléèwé pé Yorùbá ní ohùn mẹ́ta: dò, re, mí. "Ogún wa" jẹ́ re mí re. Ó gòkè díẹ̀, ó sọ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ yín ṣe fi hàn, ohùn orin tí ẹ yá dúró lójú kan fún ìró méjì àkọ́kọ́, ó wá fò sókè ní ẹ̀kẹta. Ìyẹn, re re mí. Kí sì ni re re mí lẹ́nu Yorùbá? "Ogun wá." Ẹ ò lè dá àwọn ọmọ yẹn lẹ́bi. Ohun tí ẹ kọ gan-an ni wọ́n gbọ́.

Èyí kì í ṣe ẹ̀bi yín nìkan. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń gbé ìgbàgbọ́ wa dúró, kí ẹ wo bí ó ṣe rọrùn láti yí wọn dà. "Ẹ̀jẹ̀" jẹ́ dò dò. Bí ohùn orin bá gbé ìró kejì sókè, ó ti di "ẹ̀jẹ́". Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti di ìlérí tí èèyàn ń jẹ́ níwájú Ọlọ́run. "Ọkàn" jẹ́ re dò. Bí ohùn orin bá lọ sókè dípò kó wálẹ̀, "ọ̀kan" lẹ ń kọ. "Ọ̀run" jẹ́ dò re. Yí i padà, ọrùn nìyẹn. Mo ti gbọ́ orin kan rí tó fẹ́ kí á gbójú sí ọ̀run, kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí gbogbo wa fi ń wo ọrùn ẹni tó wà níwájú wa.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní ohùn orin, ẹ fi gángan lu ọ̀rọ̀ orin náà láìkọrin. Bí ẹ ò bá ní gángan, ẹ fi imú hùn ún, kí ẹnu wà ní pípadé. Ẹ wá hùn ohùn orin náà pẹ̀lú. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti ń lọ sókè pa pọ̀, tí wọ́n sì ń sọ̀ pa pọ̀, àlàáfíà ni. Ibi tí ọ̀kan ti ń gòkè tí èkejì ń sọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ fi bírò pupa sí.

Ẹ má rò pé gbogbo re gbọ́dọ̀ wà lórí ìró kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Rárá o. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ gan-an, ohùn rẹ̀ máa ń rọra wálẹ̀ títí gbólóhùn á fi parí. Ibi tí ohùn kọjú sí láti ìró kan sí èkejì ló ṣe pàtàkì: ṣé ó ń gòkè, ṣé ó ń sọ̀, àbí ó dúró? Ìdí nìyí tí orin wa fi lè dùn lónírúurú ọ̀nà láì ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ọ̀nà méjì ló sì wà láti tún un ṣe. Ẹ yí ohùn orin, tàbí ẹ yí ọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ fọwọ́ kan ohùn orin yẹn, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ìró méjì rẹ̀ dúró lójú kan lẹ nílò, kó tó lọ sí "wa" lókè. "Ìyè" jẹ́ dò dò. "Ìyè wa" jẹ́ dò dò re. Ẹ gbé e wò: "Ìyè wa ń bẹ lọ́dọ̀ Rẹ̀." Ohùn orin yín kò yí padà rárá, ó sì tún bá ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kólósè mu, ní orí kẹta.

Ọ̀dọ́NiMí

Ẹ̀yin àgbà mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò ti fẹ́ fi dò re mí dá ara wa lẹ́kun báyìí? Orin ìyìn òde òní tí àwọn ojúgbà mi ń gbọ́, ìdajì ohùn inú rẹ̀ ló yí padà, a sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tí wọ́n bá kọ "Ọlọ́run" lọ́nà wíwọ́, ta ni kò mọ̀ pé Ọlọ́run ni? Bí a bá ń wọn gbogbo ìró bí ìgbà tí télọ̀ ń wọn aṣọ, kò sẹ́ni tó máa kọ orin tuntun mọ́. Àwọn orin ìwé tí ẹ fẹ́ràn yẹn gan-an kún fún irú àṣìṣe yẹn, ẹ kàn ti mọ̀ ọ́n lára ni.

OnígánganÌjọ

Àbúrò, òótọ́ lo sọ, mi ò sì ní jà lé e. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká máa ń gba ọ̀rọ̀ là. Kò sí bí wọ́n ṣe kọ "Ọlọ́run" tí a ò ní mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, èmi kì í wọn gbogbo ìró. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó ru ìtumọ̀ gbólóhùn náà ni mo máa ń ṣọ́, pàápàá tó bá ní ìkejì rẹ̀ tó jọ ọ́: ogún àti ogun, ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ́, ọkàn àti ọ̀kan, ìyà àti ìyá. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó kù, kí wọ́n máa jó bó ṣe wù wọ́n.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kó o rò. Orin tí o ti gbọ́ nígbà ọgbọ̀n lórí fóònù rẹ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lójú iná, o lè mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó wọ ilé ìjọsìn fún ìgbà àkọ́kọ́ lánàá ńkọ́?

ÀkàwéÌtàn

Ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ "ìwé orin" tí àwọn àgbà ìjọ AdaríTuntun ń sọ, torí Ọ̀dọ́NiMí ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì wọ Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1843 sí 1846, orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé dání. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n fi ohùn orin rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí wọ́n ń kà ni sílébù. Bí ìlà kìíní bá jẹ́ mẹ́jọ, tí ìkejì jẹ́ mẹ́fà, tó wá tún jẹ́ mẹ́jọ àti mẹ́fà, iṣẹ́ ti parí lójú wọn. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn tó. Ẹ lè mú ọ̀rọ̀ orin kan tó ní òṣùwọ̀n 8.6.8.6, kí ẹ fi sínú ohùn orin mìíràn tó ní òṣùwọ̀n kan náà, ọ̀rọ̀ ò ní fọ́. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Kódà bí ohùn orin bá bá ẹsẹ kìíní mu pẹ́kípẹ́kí, ẹsẹ kejì ní dò re mí tirẹ̀, ohùn orin kan náà á sì lọ́ ọ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí orin ìbílẹ̀ wa fi fẹ́ràn lílé àti ègbè. Ègbè ò yí padà, torí náà ohùn rẹ̀ ò ní láti yí padà. Ẹni tó ń lé ló ń fi ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tuntun bó bá ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn bàbá wa rí ìṣòro yìí tipẹ́. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ ní Èkó (United Native African Church ní 1891, African Church ní 1901), orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ jọ ti inú Yorùbá jáde bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìsìn. Nínú ìjọ Áńgílíkà náà, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ irú orin bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gba ohùn wọn sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bàbá bàbá Fẹlá ni wọ́n o. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùrù ní kàtídírà Èkó láti 1914 títí di 1962, jókòó tì í bí onímọ̀. Ó kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953, ó sì kọ orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Akọrin kàtídírà ni wọ́n o, ẹ̀wù funfun, ohùn mẹ́rin, dùrù ńlá. Síbẹ̀, wọ́n ò fi Yorùbá rúbọ sí dùrù.

Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé ìwé orin nìkan ló mọ́, tí ìlù jẹ́ ti ayé, ẹ rọra rán an létí pé ohun tó ń gbèjà jẹ́ àjèjì nígbà kan. Wọ́n lé ìlù jáde nínú ọ̀pọ̀ ìjọ nítorí pé wọ́n gbà pé ti òrìṣà ni. Àwọn ìjọ aládùúrà, láti bí 1925 tí Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀, ò jẹ́ kí ìyẹn dá wọn dúró. Lónìí, gángan ń dún nínú ìjọ tí bàbá àgbà wọn ò jẹ́ kó kọjá ẹnu géètì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnìkan kún un tí kì í ṣe Yorùbá. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 400 pé nígbà tí orin bá wọ òun lára ju ohun tí orin ń sọ lọ, òun kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ara òun, ì bá wu òun kí òun má gbọ́ akọrin náà rárá. Síbẹ̀ kò ní kí wọ́n dá orin dúró, torí ó rántí bí orin ìjọ ṣe mú òun sunkún nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sínú ìgbàgbọ́. Ẹ rí i pé ìjà tí AdaríTuntun gbé wá yìí ti hu irùngbọ̀n.

ÌyáKọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì gbèjà orin kúkúrú. AdaríTuntun sọ "gbólóhùn méjì péré" bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ẹ ṣí Sáàmù 136. Ẹsẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ní àánú Rẹ̀ dúró láéláé. Ta ló máa sọ fún onísáàmù pé ó ti pọ̀ jù? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: láàárín àánú kan àti òmíràn, ohun tuntun wà níbẹ̀. Ó dá ọ̀run, ó tẹ́ ilẹ̀, ó pín òkun níyà, ó rántí wa nínú ìrẹ̀lẹ̀ wa. Ègbè ni kò yí padà, lílé ń rìn.

Níbi tí àwọn ọmọ òde òní ti ń ṣì í nìyẹn. Wọ́n mú ègbè, wọ́n gbàgbé lílé. Nígbà tí mo ṣì ń lé orin (orúnkún ò jẹ́ kí n dúró pẹ́ mọ́), mi ò ní kọ́ọ̀sì tó gùn. Mo máa ń lọ gba ẹ̀kọ́ kíkà ọjọ́ náà lọ́wọ́ olùka Bíbélì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ opó tó mú owó wẹ́wẹ́ wá ni, òun náà ni màá fi lé orin. Ègbè á máa dá mi lóhùn, ìlù á máa lọ, ara á máa yá, ẹni tó bá jó jù á ti gbọ́ ìtàn opó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwàásù á wá bọ́ sílé tí a ti gbá.

Àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ọmọ mi, ìyẹn pọ̀. Kódà ara ìyá tó ń jó náà nílò ìjókòó.

AlùfáàOrílẹ̀ẸsẹKan

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Kúkúrú ni tèmi, mo ní ìwàásù láti kọ.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ orin náà sókè láìsí ohùn orin, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní. Bí ojú bá tì yín láti kà á níwájú ìjọ, kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kọ ọ́? Pọ́ọ̀lù ní òun á fi ẹ̀mí kọrin, òun á sì fi òye kọrin pẹ̀lú, Kọ́ríńtì Kìíní 14:15. Nínú orí kan náà ló ti sọ pé bí fèrè tàbí dùrù ò bá fi ìyàtọ̀ sáàárín ìró, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí wọ́n ń fun.

Ẹ sì wo orin oṣù kan pa pọ̀, kì í ṣe ọjọ́ kan. Lẹ́nìkan rí, mo jókòó ka ti ìjọ wa: ọ̀tá mi, ọ̀tá mi, ọ̀tá mi, ìbùkún mi, ọ̀tá mi. Àgbélébùú fara hàn lẹ́ẹ̀kan. Àjíǹde ò sí níbẹ̀ rárá, oṣù Àjíǹde sì ni! Orin ìdárò náà ò sí, bẹ́ẹ̀ Sáàmù kún fún un. Ẹni tó sin ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, kí ló máa kọ?

Lórí bí orin ṣe ń yára: orin ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìlù rẹ̀ ń mú ni jùdí, kò bójú mu. Ìlù ti sọ ohun mìíràn.

AdaríTuntun

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Orí mi ti wú. Mo ti gbé ìdánwò ìjókòó ìkẹyìn sí iwájú ètò ìdánrawò ọjọ́ Ẹtì.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí Alùfáà ti dárúkọ ohun tí ìlù ń sọ, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí. Onígángan wa mọṣẹ́. Àmọ́ bí orin bá ti gbóná, tí ọlọ́lá kan bá sì ń jó bọ̀ níwájú, ìlù á fi orin sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọlọ́lá náà. Owó á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ẹnu àwa ń yin Olúwa, awọ ń yin Olóyè. Gbogbo àgbà ìjọ ló gbọ́ ohun tí gángan ń wí. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

OnígánganÌjọ

Háà. Ẹ ti mú mi níbi tí mo wà.

Èmi náà ti ṣe é rí, mi ò ní purọ́. Nílé wa, bàbá mi kọ́ mi pé ẹni tó bá dúró níwájú ìlù, kíkí ló tọ́ sí i. Bí o ò bá kì í, àbùkù ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nínú ìsìn, Ẹlòmíràn ló dúró níwájú mi. Àwọn tí kò gbọ́ èdè ìlù lè rò pé ariwo lásán ni. Àwa tó gbọ́ ọ mọ̀ pé ìwàásù kejì ni.

Ohun tí adarí wa ṣe fún mi rèé. Wọn ò pè mí lẹ́jọ́ níwájú ẹgbẹ́. Wọ́n wá bá mi nílé, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n fún mi ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà láti inú Sáàmù, wọ́n ní kí n wá bí màá ṣe fi awọ sọ wọ́n. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní owó ọkọ̀ lóṣooṣù, torí wọ́n mọ̀ pé iwájú orí àwọn ọlọ́lá yẹn ni mo ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí o. Ẹ lè fi Bíbélì bá onílù wí títí, bí ilé rẹ̀ bá ṣófo, awọ á máa wá ibi tí owó wà.

Ní báyìí, bí ọlọ́lá bá jó dé iwájú mi, mo máa ń lu "Ẹ jẹ́ ká yìn Ín" sí i létí. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan bínú, ó sì jáde.

Ọ̀dọ́NiMí

Ẹ̀gbọ́n onígángan, èyí wọ̀ mí lára. Mo gba ti lílé àti ègbè tí ìyá wa sọ náà. Mo rò ó pé a lè fi jìtá àti dúrọ́ọ̀mù tiwa sábẹ́ rẹ̀ láìbà á jẹ́. Màá gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ ká máa kọ nǹkan tuntun o!

AdaríTuntun

Mo padà dé. Ọjọ́ Ìsinmi méjì ti kọjá.

Ìdánwò ìjókòó ìkẹyìn: ọmọ tí a fi síbẹ̀ kọ ìlà mẹ́rin nínú mẹ́wàá. A yọ maikì mẹ́ta, a ní kí kíbọ́ọ̀dù sinmi nígbà lílé. Ó kọ ìlà mẹ́jọ. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ báyìí.

Mo bẹ ìyá kan tó máa ń lé orin tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wá lé e fún wa. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ kíkà ọjọ́ náà lé orin, àwọn ọ̀dọ́ gbè é pẹ̀lú jìtá. Ìṣẹ́jú méje. Ìyá àgbà ọjọ́sí rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti ibi tí wọ́n jókòó, wọn ò wá bi mí ní nǹkan kan. Àwọn àgbà méjì ṣì ń kùn pé jìtá ò yẹ níbi mímọ́. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú orin ìwé kan lẹ́yìn ìwàásù, ohùn mẹ́rin, láìlo ohun èlò kankan. Wọ́n dákẹ́ fún ọjọ́ yẹn. Ti onígángan wa, mi ò tíì lọ sílé rẹ̀. Mò ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́.

"Ìyè wa" wọlé bí ọwọ́ ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìṣòro tó kù ni ẹsẹ kejì. Mo kọ "Ayọ̀ wa ń bẹ lọ́dọ̀ Rẹ̀," mo hùn ún bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, mo sì rí i fúnra mi: "ayọ̀" ń sọ̀, ohùn orin dúró. Ẹ gbà mí.

OnígánganÌjọ

Ẹ ti mọ̀ ọ́n! Ẹ ò nílò mi mọ́ jìnnà.

Ẹ wò ó bóyá Sáàmù 31:15 á gbà: "Ìgbà wa ń bẹ lọ́wọ́ Rẹ̀." "Ìgbà" jẹ́ dò dò bí "ìyè", "wa" á gòkè bí ohùn orin ṣe fẹ́. "Lọ́wọ́" nìkan ló yàtọ̀. Ìró kejì rẹ̀ fẹ́ dúró lókè níbi tí ti "lọ́dọ̀" ti sọ̀. Kí ẹni tó ń lé di ìró yẹn mú lókè, kó tó jẹ́ kí "Rẹ̀" wálẹ̀. Ẹ kọ ohùn orin gbogbo ìlà náà síbí ní sol-fa kí n lù ú wò lálẹ́ òní.